Alẹ́ Tí A Fi Okùn Sọ̀rọ̀

Bàtà Balógun ni mo kọ́kọ́ ń rántí, kì í ṣe ojú rẹ̀. Bàtà aláwọ dúdú ni, ẹrẹ̀ èbúté ti gbẹ mọ́ ọn létí, ó sì fi í tẹ ìgbòkun tuntun tí mo ti fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rán. Ilé iṣẹ́ mi ni wọ́n sọ di ilé ìgbìmọ̀ ogun, nítorí kò sí ilé mìíràn ní gbogbo èbúté tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, fèrèsé rẹ̀ sì ga ju orí ènìyàn lọ. Ẹni tó bá dúró níta kò lè yọjú wo ẹni tó wà nínú. Òórùn ìda àti ti okùn tuntun ló gba ibẹ̀ kan, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà òógùn ọkùnrin méjìlá ti borí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Balógun, ẹ bọ́ bàtà yín," ni mo wí.

Ọjọ́ kọkànlélógójì nìyẹn tí àwọn ará Òdìkejì ti fi ọkọ̀ ogun yí erékùṣù wa ká, bí ẹni fi ìgbànú di ìdí. Ìdajì ife omi ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mu lójúmọ́. Èmi sì dúró níbẹ̀, mò ń sọ̀rọ̀ bàtà.

Balógun wò mí, ó wo ilẹ̀, ó bọ́ bàtà náà. Ọkùnrin tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ń kì ní Kòsùn-kòwo, Afọwọ́-dínà-fún-ìjì, ó dúró ní ẹsẹ̀ lásán lórí aṣọ mi. "Abẹ́rẹ́," ni ó wí, orúkọ tí gbogbo èbúté ń pè mí nìyẹn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ mi àti nítorí ẹnu mi, "bí gbogbo ọmọ ogun mi bá láyà bíi tìrẹ ni, à bá ti máa jẹun yó."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kò rín. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n ní kó dúró sí, bí ẹni tó wá jẹ́jọ́.

Òdìkejì ni wọ́n ti bí i. Okùn ló wá tà ní èbúté wa, ó bá mi pàdé nídìí iṣẹ́, kò sì padà mọ́. Ọdún mẹ́jọ la ti jọ wà. Kí ogun tó dé, Atukọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó mọ omi tó o. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ọ̀tá àkọ́kọ́ ti yọ ní ọ̀kánkán, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Ọmọ Òdìkejì. Àwọn tó ti jẹun nínú ilé wa náà wà lára àwọn tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kò gùn," ni Balógun wí. "Ogún ọkọ̀ ń bọ̀ wá gbà wá láti erékùṣù kékeré. Oúnjẹ ń bẹ nínú wọn, igba ènìyàn ń bẹ nínú wọn. Bí omi bá ti kún ní ìdájí ọ̀la, wọn á ṣí. Ọ̀fun ni wọ́n máa gbà."

Ọ̀fun ni à ń pe àlàfo tóóró tó wà láàárín àpáta méjì ní ẹnu èbúté wa. Ní àná ni apẹja kan rí i pé àwọn ọ̀tá ti ri igi ṣóńṣó sí abẹ́ omi ibẹ̀, wọ́n fi irin dé e lórí. Ọkọ̀ tó bá fi eré wọ ibẹ̀, inú rẹ̀ á ya bí àkísà. Ọmọ ìyá mi, àbúrò mi ọkùnrin, ni ó sì ń ṣáájú ogún ọkọ̀ náà. Nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́ ló máa wà.

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí ilẹ̀ tó mọ́," ni Balógun wí. Kò wo ọkọ mi. "Ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè ṣe é."

Bàbá àgbà atukọ̀ kan wà níbẹ̀ tí à ń pè ní Eegun Ẹja, nítorí ó gbẹ, ó sì máa ń há ènìyàn lọ́fun. Ó dìde. "Ẹ̀mí igba ènìyàn lẹ fẹ́ fi lé ọmọ ọ̀tá lọ́wọ́? Ohun tí ejò bá bí, gígùn ní í gùn."

"Bàbá," ni ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè, "ta ló kọ́ àwọn ọmọ yín méjèèjì ní ọkọ̀ títù?"

"Ìwọ ni. Ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí."

Ẹ̀rín bú. Kì í ṣe ẹ̀rín tó ń mú ara tu ni. Balógun na ọwọ́ sókè. "Atukọ̀, búra."

Ọkọ mi kúnlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀. "Bí mo bá dalẹ̀, kí ilẹ̀ má gba òkú mi. Kí omi náà má gbà á. Kó máa léfòó kiri láàárín méjèèjì."

"Tún búra kan. Ọ̀nà tí o máa gbà, má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Má sọ ọ́ fún mi. Má sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ. Ẹni tí kò mọ nǹkan, bí wọ́n bá mú un, tí wọ́n fi iná jó o, kò ní rí nǹkan kan jẹ́wọ́."

Ó búra ìyẹn náà.

"Ọkọ̀ onígbòkun ò ṣeé dá tù lálẹ́. Ta lo fẹ́ kó bá ọ di okùn mú?"

"Ìyàwó mi," ni ó dáhùn. "Ẹni tó ń di okùn mú, iwájú ló ń jókòó, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ sí atukọ̀. Kò sí ọkùnrin kan ní èbúté yìí tó tún máa kọ ẹ̀yìn sí mi."

Kò sí ẹni tó já a nírọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, Balógun dá mi dúró. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó pè mí lọ sí ẹ̀yìn òkìtì aṣọ tí a kò tíì gé. Ó rẹ̀ ẹ́. Mo rí i pé irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun ní ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ọ̀bẹ tí o fi ń gé aṣọ, ṣé ó mú?"

"Ó mú, sà."

"Fi í sára. Bí o bá rí i tí iwájú ọkọ̀ yẹn kọjú sí iná àwọn ará Òdìkejì, má béèrè ọ̀rọ̀."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. "Ọkọ mi ni, Balógun."

"Mo mọ̀. Àbúrò rẹ sì ni àbúrò rẹ." Ó wọ bàtà rẹ̀. "Bí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí tọ àwọn èèyàn rẹ̀ lọ, wọ́n á mọ̀ pé a ti rí igi inú Ọ̀fun, wọ́n á wá ibòmíràn de ogún ọkọ̀ yẹn. Èmi ò ní sí níbẹ̀. Ìwọ ló máa wà níbẹ̀. Búra fún mi."

Mo búra. Mi ò ní purọ́ fún ẹni tó ń ka èyí, kò pẹ́ kí n tó búra. Ogójì ọjọ́ ti ebi àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ti ń jẹ mí. Bí gbogbo ìlú bá ń sọ fún ọ lójoojúmọ́ pé ejò ni o ń tẹ́ ẹní fún, ìwọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn ẹní wò.

Nílé, ó ń fi ọ̀rá pa òpó ọkọ̀ kékeré náà kó má bàa dún. Mo ń di ẹrù. Ó rí ọ̀bẹ lọ́wọ́ mi.

"Kí ni ìyẹn fún?"

"Bí okùn bá há, ká lè gé e."

"Ó mú?"

"Ẹ̀yin náà ń béèrè?" Mo fi í sábẹ́ ìró. "Ẹ tọ́jú òpó yín."

Ó fọwọ́ nu ọ̀rá mọ́ ṣòkòtò. "Abẹ́rẹ́, ó ti tó oṣù kan tí o ti ń bá mi sọ̀rọ̀ bíi pé aládùúgbò ni mí. Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, kí ló dé?"

Mo tún ẹrù dì. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, ẹkún ló máa jáde tàbí òtítọ́, mi ò sì fẹ́ èyíkéyìí nínú méjèèjì.

A ṣí nígbà tí ojú ọ̀run dú pátápátá. Kò sí òṣùpá. Mo ti pa ìgbòkun náà láró títí ó fi dú bí ìdí ìkòkò. Omi ò ní ògiri, ohùn a máa rìn lórí rẹ̀ jìnnà ju bí ènìyàn ṣe rò lọ, nítorí náà ẹni tó bá ń tu ọkọ̀ lálẹ́ láàárín ọ̀tá kì í sọ̀rọ̀. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni a so mọ́ ọrùn ọwọ́ tirẹ̀ àti tèmi. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀kan, kí n fa ìgbòkun mọ́ra. Bí ó bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, kí n dẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, a fẹ́ yí, kí n múra. Èmi náà á fà á padà láti fi hàn pé mo gbọ́. Gbogbo èdè tó wà nínú okùn kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo jókòó síwájú, mo kọ ẹ̀yìn sí i.

A yọ́ gba àárín ọkọ̀ ọ̀tá méjì tí wọ́n fi ìdákọ̀ró so mọ́lẹ̀. Wọ́n ga bí ilé. Mo gbọ́ bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ lókè orí wa bí ẹni jókòó sí ojúde.

"Ìyàwó mi ní bí mo bá tún gbé aṣọ ìdọ̀tí wálé láti ojú ogun, òun á fọ èmi náà mọ́ ọn."

"Òun gan-an ló yẹ kí wọ́n fi ṣe Balógun. Ogun ìbá ti tán."

Okùn gbọ̀n ní ọwọ́ mi. Kì í ṣe ìfà. Ó ń gbọ̀n pẹ́pẹ́pẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni: ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín láìla ẹnu, ara rẹ̀ ń mì, ó sì dé ọ̀dọ̀ mi. Ọdún mẹ́jọ ni mo ti mọ ẹ̀rín yẹn. Fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀, mo gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ ìró mi.

Lẹ́yìn èyí, ìlà-oòrùn ló yẹ ká kọjú sí. Níbẹ̀ ni erékùṣù kékeré wà, mo mọ ìràwọ̀ tó wà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ bọ̀ láti ibẹ̀ gan-an, ó ń gbá wa lójú. A ń lọ síwájú, a ń padà sẹ́yìn. Òru ń lọ.

Okùn fà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta.

Mo múra. Iwájú ọkọ̀ yí, ó ń yí, kò dúró, títí ìràwọ̀ mi fi kúrò níwájú tó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Nígbà tó dúró, iná ni mo rí níwájú mi. Iná pọ̀, wọ́n tò lọ bí ìlẹ̀kẹ̀ létí omi. Etíkun Òdìkejì.

Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé mo ní ká yí padà. Ó fà á padà lẹ́ẹ̀kan: fa ìgbòkun mọ́ra. Mi ò fà á. Mo tún fa okùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan, ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ọrùn ọwọ́ mi fi ta mí. Mo wá ohun tí mo lè fà tó máa túmọ̀ sí "kí ló dé?" Kò sí. Àwọn tó dá èdè okùn sílẹ̀ kò rò ó rí pé ẹni tó wà níwájú á fẹ́ béèrè ìdí lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́yìn.

Iná náà ń tóbi sí i.

Mo so okùn ìgbòkun mọ́ èèkàn, mo fi orúnkún wọ́ lọ sí ìdí ọkọ̀. Ó rí mi bí mo ṣe ń bọ̀. Ó rí ọ̀bẹ. Ojú rẹ̀ kò yí padà bí mo ṣe rò pé ó máa yí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lára ìtọ́kọ̀, ó na ọ̀tún jáde, ó nawọ́ sí omi, sí iwájú, ó tún nawọ́ sí omi. Lẹ́yìn wa, ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan ń kọjá, mo ń gbọ́ àjẹ̀ wọn. Mo rò pé àwọn ló ń juwọ́ sí.

Mo gún un.

Apá ọ̀tún ni mo gún, lókè ọrùn ọwọ́, ọ̀bẹ wọlé títí ó fi kan eegun. Àyà ni mo fẹ́ gún. Bóyá ìgbì ló gbé ọwọ́ mi, bóyá èmi fúnra mi ni, mi ò mọ̀ di òní.

Kò ké.

Ó fi eyín di ètè rẹ̀ mú, ẹ̀jẹ̀ ṣàn níbẹ̀ náà, ó la ojú sí mi, kò ké. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ wà lẹ́yìn wa, àwọn èèyàn rẹ̀ wà níwájú létí omi, ibi tí igbe kan ṣoṣo máa dé. Ẹni tó fẹ́ tà wá, kí ló tún kù fún un ju kó ké lọ? Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ mi, mo ń dúró de igbe tí kò dé. Bí mo ṣe ń dúró ni òye ń wọ inú mi díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ ọkọ̀ tó lu.

Nígbà náà ni omi gbá ọkọ̀ mú. Kò sí atẹ́gùn níbẹ̀, òkè etíkun ti dí i. Ìṣàn omi kan wà lábẹ́ wa tó lágbára bí akọ màlúù, ó yí iwájú ọkọ̀ sí ìlà-oòrùn, ó sì ń gbé wa lọ. Lábẹ́ iná gan-an la gbà kọjá. A súnmọ́ etí omi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ọkùnrin kan tó ń fi yanrìn fọ ìkòkò, tó ń sín. Kò wo ìsàlẹ̀. Gbogbo ojú ẹ̀ṣọ́ wọn, ojú òkun ló ń wò. Ta ló ń wá ọ̀tá lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀?

Ọmọ tó dàgbà sí etíkun yẹn nìkan ló lè mọ̀ pé omi ń ṣàn bẹ́ẹ̀ níbẹ̀ lóru. Balógun ní kó má sọ ọ́ fún mi. Balógun kan náà ní kí n pa á tí ó bá gbà á.

Mo fa aṣọ orí mi ya, mo di apá rẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ síwájú. Mo gba ìtọ́kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó sí iwájú mi, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi ọwọ́ òsì fa okùn sí ibi tó fẹ́ kí n darí ọkọ̀ sí: ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ wà níwájú mi ní gbogbo òru tó kù. Kò bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí a dé erékùṣù kékeré, wọ́n ti ń tú okùn ọkọ̀ àkọ́kọ́ kúrò lára èèkàn. Àbúrò mi sáré wọ inú omi dé àyà.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Kí lẹ wá ṣe níbí? Kí ló ṣe ọkọ yín?"

"Ẹ má gba Ọ̀fun," ni ọkọ mi wí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ilé. "Wọ́n ti ri igi síbẹ̀. Bí omi bá ti kún, ìṣàn etíkun Òdìkejì á yí padà, á máa fà sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ tẹ̀ lé mi kí ìkùukùu òwúrọ̀ tó ká. Ẹ̀yìn wọn la máa já sí."

"Ṣùgbọ́n ta ló ṣá yín bẹ́ẹ̀?"

"Ìṣó ọkọ̀ ni."

Àbúrò mi wo aṣọ orí mi tó ti pọ́n. Ó wo ìdí ìró mi. Kì í ṣe ọmọdé. "Ìṣó tó mú ni, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, kò sì tún béèrè.

Mo fa ọkọ mi sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní báyìí, ènìyàn lè sọ̀rọ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo búra."

"Èmi náà búra."

"Mo mọ̀. Mo ti rí i lójú rẹ nígbà tí o ń di ẹrù."

"Ẹ mọ̀?" Mo jókòó sórí yanrìn. "Ẹ mọ̀, ẹ sì tún yí ọkọ̀ sí ọ̀nà ibẹ̀?"

Ó wo àwọn ọkọ̀. Ogún ni wọ́n, ènìyàn kún inú wọn, àbúrò mi ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Kò sí ọ̀nà mìíràn," ni ó wí. Kò bínú. Bí ó bá bínú ni, ìbá dára.

Ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ó ní ẹnì kan gbọ́dọ̀ bá òun di okùn mú. Mo dìde, mo na ọwọ́. Ó wo ọwọ́ mi pẹ́, bí ẹni ń wo nǹkan tó fẹ́ràn tí kò sì lè rà mọ́, lẹ́yìn náà ó fi orí okùn lé àbúrò mi lọ́wọ́.

"Abẹ́rẹ́," ni ó wí, jẹ́jẹ́, "dúró sórí ilẹ̀."

Wọ́n ṣí. Kò sí ẹni tó pariwo, kò sí ẹni tó kọrin. Ìkùukùu gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ìjà náà kò pẹ́ tó ìwọ̀n tí ènìyàn fi ń se omi gbóná. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bọ́ lu àwọn ọkọ̀ ọ̀tá nígbà tí àwọn yẹn ṣì tẹjú mọ́ Ọ̀fun, kí oòrùn tó yọ tán ìdótì ti já. Àbúrò mi yè é. Ọkọ mi náà yè é. Mo gbọ́ pé Eegun Ẹja ló kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ fún un ní èbúté, tòun ti ogbó rẹ̀, àti pé wọ́n dá orúkọ Atukọ̀ padà fún un lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní apá ọ̀tún rẹ̀ kò nà gbọnrangandan mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ó ránṣẹ́ sí mi ní erékùṣù kékeré. Ó ní ilé iṣẹ́ mi ṣì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀, òun ti gbá a, kí n máa bọ̀ wálé, òun á fi ọkọ̀ wá gbé mi. Mo fi ránṣẹ́ padà pé mò ń bọ̀.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì nìyí tí mo ti sọ bẹ́ẹ̀.